Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Tí A Lọ Wò ní Oǹdó

Ojo ni mí. N kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, ọkọ mi gan-an a sì máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà wa. Òun ni atẹ̀wé. Èmi ni mò ń gé ìwé, tí mò ń ká a, tí mo sì ń dì í, ní ṣọ́ọ̀bù wa tó wà ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti bá a dé ìdí iṣẹ́ yìí, n kì í sún mọ́ ẹnu ẹ̀rọ nígbà tó bá ń yí. Ẹnu ni mò ń pè é. Ibẹ̀ ni àwọn irin róbótó ńláńlá ti ń yí kọjú síra wọn, ibẹ̀ ni bébà ń gbà wọlé ní funfun, tó sì ń jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lára.

Ẹ̀rù náà ní ìdí. Ọdún tí a ṣe ìgbéyàwó, mo fi ìborùn kọ́ ọrùn, mo bẹ̀rẹ̀ láti ṣa bébà tó bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Etí ìborùn náà bọ́ sáàárín róla. N kò mọ̀, àfi ìgbà tí nǹkan ṣàdédé fà mí lọ́rùn. Ọkọ mi sáré pa ẹ̀rọ. Ó ní kò tó kí èèyàn sín. Lójú tèmi, ó pẹ́ tó kí n ti rò ó pé ta ni yóò máa tọ́jú ìyá mi. Láti ọjọ́ náà ni ìborùn kò ti wọ ṣọ́ọ̀bù wa mọ́, ìró mi náà, gbígbá ni mò ń gbá a mọ́dìí kí n tó wọlé.

Ẹ̀rọ àtijọ́ wa ló kọ́kọ́ ṣàìsàn. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í ní òjìji. Bí a bá tẹ ìwé ètò ìkórè ìjọ kan, gbogbo ọ̀rọ̀ á yọ ní méjì méjì, ọ̀kan dúdú kirikiri, èkejì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ mi tú bláńkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn awọ rọ́bà tó ń gba ọ̀rọ̀ lára pléètì, páànù fẹ́lẹ́ tí a ya iṣẹ́ sí, kó tó gbé e fún bébà, ó tún un fà kó le. Òjìji ò lọ. Ó dín bébà tí wọ́n fi ń tẹ́ abẹ́ bláńkẹ́ẹ̀tì kù. Òjìji ò lọ. Ó fọ àwọn grípà, àwọn ìka irin kéékèèké tó ń gbá etí bébà mú, ó pààrọ̀ sípíríǹgì wọn. Pàbó. Nígbà tó yá, ó fi ọ̀pá irin há abẹ́ sílíńdà, irin róbótó tó gbé bláńkẹ́ẹ̀tì, ó rọra gbé e sókè, a sì fi ojú ara wa rí i pé ó mì. Bíárìn tó ń gbé e yí ti jẹ ibi tó jókòó sí.

Ó jókòó sórí ìdì bébà, tíì tí mo gbé kaná fún un sì tutù sí i lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ìyá wọn, ó ti parí. Eyín tó bá ti mì nídìí, ta ló ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́?"

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rọ mìíràn nìyẹn. Àkúrẹ́ níbí la ti rí ọ̀kan, àmọ́ róla rẹ̀ ti le bí òkúta. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, èékánná ló ṣẹ́. Èkejì wà ní Ìta-Ògbólú, nínú ilé tí wọ́n ń kó kòkó sí, adìyẹ ti yé ẹyin síbi tó yẹ kí íńkì wà. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, nítorí àwọn oníbàárà ti ń kó iṣẹ́ wọn lọ síbòmíràn.

Àárín ìyẹn ni ẹnì kan fi fọ́tò ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Ọkùnrin kan ní Oǹdó ló fẹ́ tà á. Ẹ̀rọ náà ń dán, kò sí ìpata kankan lára rẹ̀. Ọkọ mi ń wo fọ́tò yẹn lórí oúnjẹ, ó ń wò ó lórí ibùsùn, bí ọkọ ìyàwó tí kò tíì rí ìyàwó lójúkojú.

"Ẹ bi í pé kí ló dé tó fi ń tà á," ni mo wí.

"Ó ní ó ti rẹ òun."

"Òun ló rẹ̀, àbí ẹ̀rọ náà ló rẹ̀?"

"O ti bẹ̀rẹ̀," ni ọkọ mi wí.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí kí a má ra gbàǹjo. Ọwọ́ ọkọ mi ni mò ń bẹ̀rù fún. Gbogbo atẹ̀wé tí mo mọ̀ nílùú wa ló ní àṣà kan náà: bí ìdọ̀tí bíńtín bá wà lórí bláńkẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ wọn kì í gbélẹ̀, wọ́n á fi àkísà nù ún, ẹ̀rọ ì báà máa yí. Ìdérí ààbò tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ fi sí i, wọ́n á fi okùn so ó sókè kó má baà dí wọn lọ́wọ́. Ọkọ mi mọ ẹ̀rọ wa àtijọ́ bí ẹní mọ ìwà àbúrò rẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun, àlejò ni. Ta ló mọ ìwà àlejò?

A wọ mọ́tò Oǹdó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Èmi ni mo gbé pléètì wa lé ẹsẹ̀ pẹ̀lú bébà wa, èyí tó nípọn àti èyí tó fẹ́lẹ́. Èmi ni mo ní ká má lo tàwọn onílé, torí ẹni tó ń ta ewúrẹ́ mọ ewé tí ewúrẹ́ rẹ̀ fẹ́ràn. Ọkọ mi gbà fún mi lórí ìyẹn. Ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀ títí a fi kọjá Ọ̀wẹ̀nà.

Àgbàlagbà ni ọkùnrin náà, ó wọ búbá gbàgẹ̀rẹ̀ alápò ńlá, ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún wà nínú àpò. Ó kí wa dáadáa, ó fún wa ní àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé omi wá fún wa. Ọwọ́ òsì ló fi nà án sí wa. Ó ní, "Ẹ má bínú sọ́wọ́ òsì o." Mo gbà á, mo sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó kù nínú mi. Bí èèyàn bá mọ̀ pé ọwọ́ òsì ò dáa, kí ló dé tí kò fi lo ọ̀tún? Ìyàwó rẹ̀ jókòó sídìí tábìlì bisikíìtì níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó kẹ́yìn sí yàrá ẹ̀rọ. Mo ní, "Màmá, ẹ ò ní bá wa wọlé?" Ó ní, "Ibí ti tó mi, ọmọ mi."

Iná ò sí nígbà tí a dé, nítorí náà a jókòó. Ọkọ mi sọdá títì lọ ra nǹkan jíjẹ. Òun ò sí níbẹ̀ nígbà tí ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọdé ládùúgbò pariwo pé iná ti dé, lẹ́sẹ̀ kan náà, láti inú yàrá tó ṣókùnkùn, tí kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, mo gbọ́ gùdùgùdù, gùdùgùdù. Ẹ̀rọ náà ń yí. Ọkùnrin náà fò dìde, ó sáré wọlé, ariwo náà sì dákẹ́. Nígbà tí mo yíjú, ìyàwó rẹ̀ ti fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

Bí ọkọ mi ṣe dé ni mo rọra sọ fún un.

"Wọn á ti ní òṣìṣẹ́ nínú ilé," ni ó wí.

"Kò sí ẹnì kankan. Mo jókòó síbí."

"Ìyá wọn, ẹ̀rọ kì í dá ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ̀rù rẹ yìí ti wá ń gbọ́ nǹkan báyìí." Ó rẹ́rìn-ín, ó na ìpápánu sí mi. Mo gbà á, mo fi sínú báàgì.

Kí n má purọ́, ẹ̀rọ náà dára. Ọkọ mi tẹ bébà wa, ó kó àwọn tó ti tẹ̀ yẹn padà, ó tún fi wọ́n gba inú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kejì láti mọ̀ bóyá àmì àgbélébùú tó wà létí ìwé yóò gun orí ara wọn. Ó gùn ún gẹ́lẹ́. Ó fi awò kékeré rẹ̀ wò ó, ó gbé awò náà fún mi, èmi náà wò ó. Ìlà kan ṣoṣo ni mo rí. Ó fi íńkì kun odindi bébà kan láti etí dé etí, kò sí ibi tó ṣá. Ó gbé etí sún mọ́ ọn, ó tẹ́tí sí eyín gíà rẹ̀ bí ìgbà tí dókítà bá ń gbọ́ àyà ọmọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé pé a kì í jẹ́ kí ọlọ́jà rí eyín ẹni.

Èmi, okùn ni mò ń wò. Okùn búlúù kan ló so ìdérí ààbò mọ́ òkè.

"Bàbá, okùn yìí ńkọ́?" ni mo bi ọkùnrin náà.

"Gbogbo wa ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ìyàwó wa," ó dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi.

Ọkọ mi wá fi bébà fẹ́lẹ́ sí i. Níbẹ̀ ni ẹ̀rọ ti gbé bébà méjì mì pọ̀, ọ̀kan sì wé mọ́ bláńkẹ́ẹ̀tì, ó ń yí lọ pẹ̀lú rẹ̀. Kí ọkọ mi tó na ọwọ́ láti pa á, iná lọ. Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ tan jẹ́ńnẹ́rétọ̀," ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ọkọ mi mú àkísà, ó fi kẹrosíìnì rin ín, ó bẹ̀rẹ̀, ó ti apá bọ inú ẹnu ẹ̀rọ náà dé ìgúnpá láti yọ bébà tó wé mọ́ ọn. Kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan. Kí ló fẹ́ fọwọ́ kàn án fún? Gbogbo ẹ̀rọ tó ti lò rí, bí iná bá lọ, ẹ̀rọ ti kú nìyẹn. Bí iná bá dé, kò ní jí àfi kí èèyàn tún tẹ̀ ẹ́.

Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe fa jẹ́ńnẹ́rétọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ó húkọ́, ó kú. Nígbà náà ni ohun tí mo gbọ́ láàárọ̀ padà sí mi létí, gùdùgùdù inú yàrá òfìfo yẹn.

"Bàbá wọn, ẹ yọ ọwọ́ yín."

"Ó kù díẹ̀."

Wọ́n tún fà á. Ó húkọ́, ó kú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọwọ́ yín. Ẹ̀rọ yìí ń dá jí."

"Ìyá wọn, fi mí sílẹ̀ jàre, ó ti ń ṣí."

Mo fẹ́ lọ bá a, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo ti ń sọ ọ́ láti ìgbà pípẹ́ pé ojo ni mí, àmọ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ojú mi kò kúrò lára apá tó wọ inú irin yẹn, apá tó gbé àwọn ọmọ mi jó lọ́jọ́ ìkómọ wọn. Wọ́n tún fà á. Ó kú. Wọ́n tún fà á. Ó bú ramúramù, ó sì dúró. Mo gbọ́ bàtà ọkùnrin náà, pálá, pálá, ó ń lọ síbi tí wọ́n ti ń yí iná padà lára ògiri ẹ̀yìn.

N kò mọ ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi. Mo di bẹ́líìtì rẹ̀ mú lẹ́yìn, mo di kọ́là rẹ̀ mú, mo sì fi gbogbo agbára tí Ọlọ́run fún mi wọ́ ọ. Àwa méjèèjì ṣubú sórí bébà. Ó lanu láti bú mi. Kò tíì bú mi tán tí gílóòbù fi tàn lókè, tí ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀. Àkísà tó fi sílẹ̀ nínú rẹ̀ gùn lọ sókè, ó bọ́ sáàárín irin méjì, ó sì jáde lódìkejì pẹlẹbẹ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

Ìyàwó onílé ló kọ́kọ́ kígbe. Ó ti gbọ́ ìró ẹ̀rọ, ó sì ti gbọ́ ìró ìṣubú wa. Ó sáré wọ yàrá tí kò fẹ́ wọ̀ láti àárọ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ó gbá ọwọ́ ọkọ mi méjèèjì mú, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ọkùnrin náà wọlé, ó sáré pa ẹ̀rọ. Níbi tó ti ń sáré, apá rẹ̀ ọ̀tún jáde nínú àpò. Kò sí ọwọ́ níbẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ni apá náà parí sí.

Gbogbo wa ń wò ó. Òun náà wo apá rẹ̀ bí ẹni pé ó yà á lẹ́nu pé ó ti wà níta, kò sì dá a padà sínú àpò mọ́. Ó ní bọ́tìnnì tó ń tan ẹ̀rọ náà ló jóná, oníná kan wá, ó sì so wáyà náà ní dáírẹ́ẹ̀tì mọ́ ṣúìṣì ara ògiri, pé kí iṣẹ́ máa lọ ná, tó fi jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni ò bá pa ṣúìṣì yẹn, ẹ̀rọ á dá yí bí iná bá ti dé. Iṣẹ́ ń lọ. Lọ́jọ́ kan, iná lọ, òun ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láti nù ún, iná sì dé. Láti ọjọ́ náà, òun ò tẹ ìwé kankan mọ́.

"Ẹ sì mọ̀!" Bí mo ṣe pariwo mọ́ àgbàlagbà nìyẹn. "Ẹ mọ̀, ẹ sì fi ọkọ mi sílẹ̀ síbẹ̀!"

"Mo rò pé ẹ máa pa á ni, ìyàwó wa. Ó wà lẹ́nu mi láti àárọ̀. Mo ní kí ẹ kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀ ná." Ó nu ojú pẹ̀lú ìgúnpá. "Ta ló máa ra irin tó ti tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò? Ní Oǹdó, níbi tí a ti ń bọ Ògún? Àwọn tó gbọ́ nílùú yìí, wọn ò tilẹ̀ wá wò ó."

Mo sọ ọ̀rọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ tí n kò ní kọ síbí. Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ọkọ mi ló dá mi lẹ́kun. Yorùbá ilé ìwé ló máa ń bá mi sọ ní ibi iṣẹ́, nítorí àwọn oníbàárà, ṣùgbọ́n ohùn ìyá rẹ̀ ló jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Ó tó. Jẹ́ á lọ ulé."

Nínú mọ́tò, ó di ọwọ́ mi mú lójú gbogbo èrò, òun tí kì í tilẹ̀ bá mi rìn pọ̀ jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Títí a fi dé Àkúrẹ́, kò sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ.

Kò sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, kò sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó ń jókòó ti ẹ̀rọ àtijọ́ wa, ó ń fi àkísà nù ún láìnídìí. Èmi ojo ni mo wá sọ ọ́. Mo ní kí a padà lọ ra ti Oǹdó. Ó wò mí bí ẹni pé mo mutí. Mo ní, "Ẹ̀rọ wo ni kì í gé èèyàn jẹ? Èyí tí mo ti mọ ibi tó ti ń gé èèyàn jẹ ni mo fẹ́."

A mú oníná wa dání láti Àkúrẹ́. Ó tú wáyà dáírẹ́ẹ̀tì yẹn, ó fi bọ́tìnnì gidi síbẹ̀, ó tún ìdérí ààbò ṣe kí ẹ̀rọ má lè yí bí ó bá ṣí sílẹ̀. Èmi ni mo fi ọ̀bẹ gé okùn búlúù náà. Lẹ́yìn náà mo ní kí wọ́n pa iná, kí wọ́n tún tàn án. Ẹ̀rọ náà ò mira. Ìyàwó onílé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó ní, "Ẹ tún un ṣe." Wọ́n tún un ṣe. Ó tún ní, "Ẹ tún un ṣe." Oníná wa fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo wò ó, ó sì tún un ṣe. Nígbà tó tẹ́ obìnrin náà lọ́rùn, ó wọlé wá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan irin náà, ó sì jáde.

Ẹ̀rọ náà wà ní Ìsìkàn báyìí. Lẹ́tà wa kò ní òjìji mọ́, àwọn oníbàárà ti padà, ọkọ mi sì ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀. Kì í ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ mọ́ láìpa á, ó kéré tán nígbà tí mo bá wà níbẹ̀, mo sì máa ń rí i pé mo wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Bí iná bá lọ, tó bá jáde lọ fa jẹ́ńnẹ́rétọ̀ lẹ́yìnkùlé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa ń fà á tó fi ń jí. Ìgbàkígbà tí mo bá gbọ́ ọ, n ó jókòó díẹ̀ kí n tó lè gbé ọ̀bẹ ìgéwé. Ká ní ọkùnrin Oǹdó yẹn ṣì ní ọwọ́ ọ̀tún ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun náà ì bá fà á, èmi kì bá sì tí ráyè wọ́ ọkọ mi kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ.